Ọdún Kòrónà ní Abẹ́òkúta: Ẹ Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Tíṣà Ìjẹjà: Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìjọba sé gbogbo ìlú mọ́lé ní 2020. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kí n lè kà á fún wọn.

Ìyá Aládìrẹ: Àwa tí a wà ní Ìtòkú kò kà á sí títí wọ́n fi dárúkọ Ewékorò. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ará Ítálì kan tí iṣẹ́ gbé wá síbẹ̀ ní àrùn náà lára, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ewékorò tí à ń gbà lọ sí Èkó! Nígbà tí ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, aró ti wà nínú ìkòkò, oníbàárà kò sì lè wá. Ìbòmú tí mo ń fi àjákù àdìrẹ rán ni ó bọ́ wa.

Àkànbí Ìbarà: Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni bàbá mi kú. Kì í ṣe kòrónà ni ó pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń wúkọ́, ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ kò gbà wọ́n, èkejì sì ní kí a lọ mú èsì àyẹ̀wò wá kí àwọn tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí kì í pa òkú ẹlòmíràn jẹ, tí ó máa ń ná owó àti ara sí i, àwa díẹ̀ báyìí ni a sin wọ́n. Kò sí àìsùn, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí onílù. Pásítọ̀ fi ìbòmú bo ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi gbọ́ ìdajì àdúrà. Ọlọ́pàá dá àbúrò bàbá mi padà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, nítorí wọ́n ti fòfin de ìrìnnà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Títí di òní, wọn kì í dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ní mo yára sin ẹ̀gbọ́n àwọn bí ẹni sin ajá.

Àbẹ̀kẹ́ Láfẹnwá: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ilẹ̀ á dẹ̀ fún bàbá.

Ọ̀rẹ́ Olúmọ: Mo bá ọ kẹ́dùn, Àkànbí, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ìsìnkú ráńpẹ́ yẹn yọ ọ̀pọ̀ ìdílé nínú gbèsè. Àná mi obìnrin kú lọ́dún náà, a kò sì yá kọ́bọ̀. Bí wọ́n ti ṣí ìlú báyìí ni a tún padà sídìí màlúù.

Àkànbí Ìbarà: Àná rẹ ni ò ń sọ, bàbá tí ó bí mi ni èmi ń sọ. Gbèsè ṣeé san.

Ìyá Aládìrẹ: Ọ̀rẹ́ Olúmọ, aṣọ ẹbí tí ò ń bú yẹn ni àwa fi ń jẹun o.

Ẹnu Kò Mẹ́nu: Kò sí kòrónà kankan ní Abẹ́òkúta. Ibà lásán ni.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà: Ibà kì í gba òórùn lọ́wọ́ ènìyàn. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kó o, ó sì pẹ́ kí n tó tún gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀ ara mi. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn abiyamọ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ti ń fún ọmọdé tipẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà fúnra rẹ̀ sì dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù 4, àwọn kan ní a fẹ́ fi pa àwọn ni.

Ọ̀rẹ́ Olúmọ: Irú tí ènìyàn kò gbóòórùn rẹ̀! Àrùn ńlá ni lóòótọ́.

Bàbá Arúgbó Àké: Ẹ̀yin ọmọ, ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ọdún Ogun Adùbí ni ojú àwọn rí irú èyí. 1918 ni. Ìjà owó orí tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba Òyìnbó jà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọ̀pọ̀ òkú wà nílẹ̀, ni àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tún dé. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn tí ó sá kúrò ní Èkó sì wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú rẹ̀. Géńdé ni ó ń pa jù, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún arúgbó. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó bá a lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Ta ni ó fẹ́ ráyè ṣe àìsùn?

Àbẹ̀kẹ́ Láfẹnwá: Bàbá, ẹ má bínú, ẹ má di ẹ̀bi náà ru ọkọ̀ ojú irin wa. Ṣé kì í ṣe àwọn sójà tí wọ́n kó wá bá wa jà ni wọ́n gbé e wá?

Bàbá Arúgbó Àké: Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé ni ìjà ti parí. Ka oṣù, ọmọ mi.

Àbẹ̀kẹ́ Láfẹnwá: Sójà kì í lọ lọ́jọ́ tí ìjà bá parí, bàbá.

Bàbá Arúgbó Àké: Ó dáa. Àkànbí, gbé obì lọ bá àbúrò bàbá rẹ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà ti ṣí.

Àkànbí Ìbarà: Mo ti lọ, bàbá. Wọ́n ní kí n wá ṣe òkú náà lẹ́ẹ̀kejì, kí n sì pa màlúù.

Ọ̀rẹ́ Olúmọ: Mo sọ ọ́, àbí n kò sọ ọ́?