Orí òkè, etíkun àbí tòsí ilé: níbo lẹ ti lọ gbá gọ́ọ̀fù nígbà ìsinmi?

Bàbá Tíṣà, Iléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun fẹ́ kí èmi àti ìyá òun lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan níbi tí mo ti lè gbá gọ́ọ̀fù. Ó ní kí n mú ọ̀kan: orí òkè, etíkun, tàbí ibi tí kò jìnnà sí Iléṣà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tójú yín ti rí kí n tó fún un lésì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Jos ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Òṣómàálò ni bàbá mi. Aṣọ àwìn ló ń tà káàkiri ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Tí a bá ti jáde nílé-ìwé, àwa ọmọdé a sá lọ gbé báàgì fún àwọn ọ̀gá tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Kádì ni wọ́n ń pè wá. Láyé ìgbà yẹn, ojú ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni. "Brown" ni wọ́n ń pè é. Tí ọ̀gá bá gbá tirẹ̀ tán, àwa la ó fa iyanrìn náà tẹ́jú padà. Bàbá mi a máa gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ létí ọgbà, a máa wò mí. Kò bá mi wí rí.

Oṣù Kejìlá 2018 ni èmi àti ìyàwó mi padà lọ. Bàlúù la wọ̀, nítorí náà ọ̀pá 8 péré ni mo kó nínú 14 tí òfin gbà láyè, kí ẹrù má baà wúwo jù. Jos fi mítà 1,200 ó lé ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn bíi ti ìsàlẹ̀. Ọ̀pá nọ́ńbà 7 tí mo fi ń gbá yáàdì 130 ní Ìbàdàn gbé bọ́ọ̀lù mi fò kọjá gíríìnì, ojú ibi tí ihò wà, ó di inú igbó. Ó tó ihò 3 kí n tó gbà pé nọ́ńbà 8, tí kì í gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó nọ́ńbà 7, ló yẹ kí n máa mú.

Òtútù ọyẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi kì í jáde nínú yàrá títí aago 10 àárọ̀, ètè rẹ̀ sì bó. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti yọ, kò síbi tó dà bí ibẹ̀. Mo rin ihò 18, ìrìn tó tó kìlómítà 8, òógùn kò ro lára mi. Orúnkún ló bá mi jà. Ilẹ̀ òkè kì í tẹ́jú. Ẹsẹ̀ kan á ga, èkejì á rẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ògiri ni mò ń dì mú gun àtẹ̀gùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá, ẹ kú ìsinmi iṣẹ́ o. Ọkọ mi ló ń gbá a, èmi ni mò ń tẹ̀ lé e, nítorí náà ojú ẹni tó jókòó dúró deni ni mo fi ń wò ó.

Etíkun la lọ, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orúnkún yín á fẹ́ràn rẹ̀. Omi ló pọ̀. Bọ́ọ̀lù 9 ni ọkọ mi gbá sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Atẹ́gùn ni. Láàárọ̀, ewé kan kì í mì. Tó bá ti di ọ̀sán, ilẹ̀ á ti gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ á gòkè, ti òkun á rọ́ wọlé dípò rẹ̀. Kádì rẹ̀ ló ní kó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30, kó má sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa ga jù. Lọ́jọ́ kejì, 2 péré ló bómi lọ.

Ohun tí èmi gbádùn ni ẹja. Mo dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, mo ra títí apá mi ò fi ká a mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà! Láti Ifẹ̀ dé ẹnu Èkó kò le tó láti ibẹ̀ dé Lẹ́kí. Àwọn ọmọ sùn, wọ́n jí, a ṣì wà lójú kan. Nínú ọjọ́ 4 tí a sanwó fún, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ọ̀nà jẹ.

Ọmọ Ọ̀wá, Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà, ṣé a gbàgbé Ìlárá-Mọ̀kín ni? Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ wa yìí náà ni. Smokin Hills ni wọ́n ń pe ọgbà gọ́ọ̀fù ibẹ̀, Olóyè Michael Adé-Òjó ló dá a sílẹ̀ sí ìlú rẹ̀. Ihò 18 ló ní, òkè yí i ká.

Oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ lọ, oṣù tí kò yẹ. Ilẹ̀ ti mu omi òjò yó. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́, á rì mọ́ ibẹ̀, kò ní yí. Nígbà tí a dé ihò 11, àrá sán, gbogbo wa sá wọlé. Ta ló máa gbé ọ̀pá irin dúró ní gbalasa tí àrá ń sán? Mo padà lọ ní ìparí oṣù Kọkànlá: ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì dé. Ìdájí ni mo kúrò nílé, mo gbá ihò 18, mo sì jẹ iyán alẹ́ ní Iléṣà.

Ní ti màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà wo omi Olúmirin. Ipele 7 ló ní. Kí wọ́n má kọjá ti àkọ́kọ́, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Bàbá Tíṣà, Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi ẹja Ẹ̀pẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lójú ọ̀nà, ó ní rárá. Ìlárá là ń lọ, ìparí oṣù Kọkànlá. Ọmọ mi bi mí bóyá owó òun ni mò ń ṣọ́. Mo ní ìyá rẹ̀ ni mò ń ṣọ́.

Jos kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mú un dé etí ọgbà tí bàbá mi máa ń gbé ẹrù aṣọ kalẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti gbá a níbẹ̀ lóṣù Kẹta rí, lẹ́yìn ọyẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni òwúrọ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí?