Táǹkì stainless tuntun ń dógùn-ún níbi tí wọ́n jó

Oníwàrà: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Táǹkì yógọ́ọ̀tì wa, stainless 304, lítà 500, kò tíì pẹ́ tí wẹ́dà gbé e dé tí ìpẹtà wínníwínní ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Àwọ̀ búlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bleach la fi ń fọ̀ ọ́. Ṣé ká kàn fi citric acid ṣe passivation (fífi acid fọ irin kí awọ tó ń dáàbò bò ó lè padà) fún un? Ìwọ̀n wo?

Ajórin: Ẹ má tíì da acid kankan sí i. Àwọ̀ búlúù yẹn lẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò. Awọ fẹ́lẹ́ tí chromium (irin kan tó wà nínú stainless) àti afẹ́fẹ́ jọ ń ṣe ni kì í jẹ́ kí stainless dógùn-ún. Iná ìjó ti fa chromium kúrò lábẹ́ àwọ̀ yẹn, citric acid kò sì lè bó o. Pickling paste ló ń bó o, ṣùgbọ́n hydrofluoric acid wà nínú rẹ̀, ó ń gba ara wọlé dé egungun. Ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ tó yẹ, ìbòjú àti calcium gluconate gel (èyí tí wọ́n ń fi pa ibi tí acid yẹn bá kàn lára) nítòsí, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ lè fi flap disc (àwo ìlọrin tí wọ́n ń fi sára ẹ̀rọ) tuntun lọ̀ ọ́ títí irin á fi funfun. Disc tó ti kan irin dúdú (irin lásán tí kì í ṣe stainless) rí, àti kànrìnkàn onírin, ìpẹtà ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀.

Ìyá Kẹ́mísìtì: Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ ọ̀rá wàrà kúrò, torí ibi tí ọ̀rá bá wà, acid kò ní kan irin. Ẹ rọra da caustic soda gíráàmù 750 sínú omi lítà 50 (omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù), kó gbóná dé 75°C, kí pọ́ǹpù máa gbé e yí fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ṣan án dáadáa. Citric acid kílò 2.5 nínú omi lítà 50 ló kàn: 55°C, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣan án títí pépà pH (pépà tó ń fi hàn bóyá acid ṣì wà nínú omi) á fi fi ohun kan náà hàn fún omi tó ń jáde àti omi tó ń wọlé, kẹ́ ẹ sì ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ.

Ẹ fi bleach sílẹ̀, chloride inú rẹ̀ ń dá ihò sára irin. Peracetic acid ni kẹ́ ẹ fi pa kòkòrò. Kí bleach àti acid má pàdé láéláé: gáàsì chlorine tó lè pa èèyàn ni wọ́n ń tú jáde.

Oníwàrà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti mú? Wọ́n ní ká fi copper sulphate dán an wò.

Ìyá Kẹ́mísìtì: Rárá o! ASTM A967, ìlànà tó wà fún passivation stainless, fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn dán ohun tí oúnjẹ ń gbà kọjá wò. Ẹ fi distilled water rin ín, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún rin ín, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Bí àmì pupa bá yọ, irin dúdú ṣì wà lára rẹ̀, ẹ padà sídìí acid. Ẹ tú fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì wò pẹ̀lú, abẹ́ wọn ni bleach tẹ́ ẹ ti ń lò máa ń fara pamọ́ sí.