Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ báńkì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Òpómúléró:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Báńkì kan l'Ékòó pè mí sí ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìṣírò, òye èdè àti àwòrán. Ẹni tó bá yege á lọ ṣe ìjíròrò pẹ̀lú àwọn mìíràn, lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọ̀gá. Ibo gan-an lèèyàn ti sábà máa ń já?

Baba Oníṣirò:
Àbúrò, ìṣírò ni. Kò le ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ, àkókò ni kì í tó: bí ìṣẹ́jú kan lórí ìbéèrè kan. Ka ìbéèrè kó o tó wo tábìlì, kó o sì wo òkè tábìlì náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ₦'000 síbẹ̀, 450 tó o rí yẹn, ₦450,000 ni.

Pásẹ́ńtì ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté. Ọjà tó gbéra láti 240 dé 300 fi 60 lé. Fi 240 pín 60, 25% nìyẹn. Bó bá já láti 300 padà sí 240, 60 yẹn náà ló fi já, ṣùgbọ́n 300 lo máa fi pín in: 20%. Ibi tó ti gbéra lo fi ń pín. VAT náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ₦10,750 ni iye ọjà pẹ̀lú VAT 7.5%, má yọ 7.5% kúrò lára rẹ̀. ₦9,943.75 lo máa rí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti tò ó sáàárín àwọn ìdáhùn dè ọ́. Fi 1.075 pín in: ₦10,000.

Wò ó bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Bí wọn ò bá yọ, má fi ìkankan sílẹ̀ lófo.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Òótọ́ ni Baba wí, ṣùgbọ́n òye èdè ló ń gbé àwọn tó mọ̀wé ṣubú. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà: True, False, Cannot say. Ohun tí àyọkà sọ nìkan ni kí ẹ fi dáhùn, kì í ṣe ohun tí ẹ mọ̀. Ká ní àyọkà sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣí ẹ̀ka mẹ́ta sí Kánò lọ́dún tó kọjá, tí ìbéèrè wá ní ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀ ti pọ̀ sí i. Cannot say ni. Ṣé wọn ò lè ti mẹ́rin pa lọ́dún yẹn kan náà?

Ti àwòrán, tí wọ́n ti ń ní kí ẹ wá èyí tó kàn nínú àwọn tí wọ́n tò, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tọpa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: iye rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, tàbí ibi tó ń yí sí.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé NEPA o. Ẹ cháàjì kọ̀ǹpútà kó kún, kí ẹ ní dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì.

Òpómúléró:
Ẹ ṣeun gan-an. Níbi ìjíròrò ńkọ́, bí ẹnì kan bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo wa lẹ́nu?

Àdúrótì:
Má bá a du ú. Àwọn tó ń fún yín ní máàkì kì í dá sí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń ṣàkíyèsí ẹni tó tẹ́tí sílẹ̀, ẹni tó mú àbá ẹlòmíràn lọ síwájú, ẹni tó ń ṣọ́ aago. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sọ ọ́ jáde, béèrè èrò ẹni tí kò tíì lanu, kó o wá kó àbá jọ sí méjì tí ẹ máa yàn nínú rẹ̀.

Níwájú àwọn ọ̀gá, bí wọ́n bá ní kó o sọ ìgbà tó o yanjú wàhálà kan, tò ó báyìí: ohun tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tó já lé ọ léjìká, ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, àbájáde rẹ̀. "A ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún" kì í gbeni níbẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbà, kì í ṣe ẹgbẹ́ yín.

Yẹ orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì àti ti NYSC wò lónìí. Bí wọn ò bá bára mu, àfídáfíìtì kóòtù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sáré gbà láàárọ̀ ọjọ́ íńtáfíù.