Ìwé Equiano: ṣé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí i sí lóòótọ́?

Olùkọ́Ìtàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé tí Olaudah Equiano kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1789 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 mi nípa òwò ẹrú. Nígbà tí a ka ibi tí wọ́n ti jí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin gbé, tí àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn sunkún mọ́jú, omi lé sójú àwọn ọmọ náà. Lánàá ni ọ̀kan gbé fóònù wá: “Àǹtí, wọ́n ní Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí o.” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

AkàwéÀtijọ́: Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ, Àǹtí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vincent Carretta ló tú u síta ní 1999. Ìwé ìrìbọmi ìjọ St Margaret's ní Westminster, February 1759, ní Carolina ni wọ́n bí Gustavus Vassa sí, ọmọ ọdún 12. (Orúkọ tí Pascal, ọ̀gá ológun ojú omi tó ra Equiano, sọ ọ́ nìyẹn.) Ní 1773, ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Racehorse, níbi tí Equiano ti ṣiṣẹ́, tún ní South Carolina.

ỌmọÌwó: Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Abà kan lẹ́yìn Ìwó ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé bi wọ́n pé, “Bàbá, níbo lẹ ti wá?” Ìbàdàn ni wọ́n ti wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni wọ́n bá ní Ìbàdàn. Mo rí ìwé náà, yíǹkì búlúù, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Látìgbà yẹn, bí mo bá rí ìwé, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: ta ló sọ ọ́, ta ló kọ ọ́?

Ọmọdé tó jẹ́ ẹrú ni Equiano ní 1759, àwọn ìbátan Pascal ló mú un lọ síbi ìrìbọmi. Wọ́n lè dáhùn dípò rẹ̀. Ti 1773 ló ń dà mí láàmú. Ó ti fi £40 ra ara rẹ̀ padà ní 1766, àgbà ọkùnrin ni, ẹnu ara rẹ̀ ló ṣeé ṣe kí ó fi dáhùn.

AkàwéÀtijọ́: Ọ̀gá mi, ọdún ló tilẹ̀ le jù. Equiano ní 1745 ni wọ́n bí òun, ọdún 11 ni òun wà tí wọ́n fi jí òun gbé, àti pé 1757 ni òun dé Ìlú Ọba. Ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi fi hàn pé ó ti débẹ̀ ní òpin 1754. Òpìtàn Paul Lovejoy, tó gbà pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí i sí, ní kí a mú ìbí rẹ̀ padà sí 1742. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọmọ ọdún 16 tí yóò pè é ní 12?

ỌmọÌwó: Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹ wo “Embrenche” tí Equiano kọ sínú ìwé rẹ̀, ilà ojú àwọn ọlọ́lá. *Mgburichi* ni àwọn Ìgbò ń pè é. Nígbà tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ̀sùn kàn án ní 1792 pé Santa Cruz, erékùṣù kan ní Caribbean, ni wọ́n bí i sí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì gbọ́ èdè mìíràn ju ti Áfíríkà lọ, ló pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rù kò bà á láti pè wọ́n.

Olùkọ́Ìtàn: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́ Túsìdeè ni kíláàsì náà. Màá kọ “Carolina” sí apá kan pátákó, “Embrenche” sí apá kejì, kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ tó gbé fóònù wá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.