Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gba owó gbómúléláńtà yìí?

Ìyá Alákàrà (Apẹ́tẹ̀)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkàrà ni mò ń dín ní ìdíkọ̀ kan ní Apẹ́tẹ̀, ọdún kẹfà rèé. Kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta ni mò ń lọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ aláte ìtòsí wa ni mo ti ń rà á, 2,000 náírà ni kóńgò kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ná odidi àpò ní Bódìjà. 64,000 ni wọ́n máa gbà, kóńgò 40 ló sì wà nínú ẹ̀. Tí mo bá ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, kóńgò kan ò ju 1,650 lọ. Ẹ ò rí i pé ó ju 1,000 náírà tí mò ń sọ nù lójúmọ́, torí pé mi ò rí owó àpò kó jọ lẹ́ẹ̀kan.

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ó já bọ́ lórí àkàbà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, igi ló ṣì fi ń rìn. Ọrùn mi ni gbogbo bùkátà wà báyìí, ọmọ mẹ́ta ló sì wà nílé ìwé.

Àwọn gbómúléláńtà ti wá bá wa ládùúgbò. Tí mo bá gba 100,000, wọ́n á dá 10,000 dúró bí ìdógò, wọ́n á yọ 2,000 fún fọ́ọ̀mù, 88,000 ló máa kàn mí lọ́wọ́. 5,000 ni mo máa san ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwa obìnrin márùn-ún la ó jọ ṣe onídùúró fún ara wa. Ìyá ọkọ mi ní tí mo bá fi lè gbà á, òun ò ní bá mi dá sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì (Òjé)
Ìyá, ẹ má gbà á. Èmi gba 80,000 láti fi ra ọṣẹ dúdú. Lọ́jọ́ náà gan-an, onílé ti ń dè mí lẹ́nu ọ̀nà, 50,000 sì bá owó ilé lọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń yá owó kiri láti fi san owó. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò rí san, àwọn mẹ́rin tá a jọ gbà á tẹ́ ẹní síwájú ilé mi láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́, torí tí èmi ò bá san, àwọn ló máa san án. Wọ́n gbé fáànù mi, wọ́n gbé ìkòkò irin tí màámi fi sílẹ̀ fún mi. Mo san gbèsè yẹn tán, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹni tá a jọ dàgbà ní Òjé níbí, kò tíì kí mi di òní.

Akọ̀wé (Mọ́níyà)
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 5,000 lọ́nà 24 jẹ́ 120,000. Èlé 20,000 lórí 100,000, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ ti ń dá owó padà, èlé orí 100,000 ni wọ́n sì ń gbà títí dé ìparí. Tí ẹ bá san án dé ìdajì, nǹkan bí 50,000 ló kù lọ́wọ́ yín nínú owó wọn. Ẹ tún yọ 12,000 tí ẹ ò fojú rí kúrò níbẹ̀. Tí a bá fa gbogbo ẹ̀ ṣe déédéé, bí 40,000 lẹ ní lọ́wọ́ láàárín oṣù márùn-ún àbọ̀, 22,000 lẹ sì san lé e, èlé àti owó fọ́ọ̀mù. Ó ju ìdajì lọ! Ó ti ń sún mọ́ ohun tí àwọn baba wa ń pè ní sọgúndogójì.

Ẹ tún wò ó: owó àpò kan lẹ nílò. Kí lẹ máa fi ohun tó ṣẹ́ kù nínú 88,000 ṣe? Oúnjẹ àti ilé ìwé ló máa gbé e, owó yẹn ò sì ní padà wá bá yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Tíṣà (Ọ̀jọ́ọ̀)
Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ìyá. Owó kékeré ti gba àwọn èèyàn là. Lọ́dún 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì kan ní Bangladesh, rí àwọn obìnrin tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó lábúlé Jobra. Ọwọ́ oníṣòwò ni wọ́n ti ń yá owó ọparun, oníṣòwò yẹn náà ló sì ń sọ iye tóun máa ra àpótí wọn. Wọ́n ka èèyàn 42 tí ọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo gbèsè wọn pọ̀, dọ́là 27 péré ni. Ó mú un látinú àpò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Grameen Bank ti ṣẹ̀, ó di báńkì gidi ní 1983, òun àti Yunus sì jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 2006. Ìyá Alákàrà, ọ̀rọ̀ yín jọ tiwọn: ẹ mọ iṣẹ́, oníbàárà wà, owó ọjà lẹ́ẹ̀kan náà ni ò sí.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ìwádìí orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí wọ́n gbé jáde ní 2015, Íńdíà àti Mòrókò wà lára wọn, fi hàn pé òwò àwọn kan gbòòrò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìdílé ni irú owó yìí nìkan yọ nínú ìṣẹ́.

Akápò Ẹgbẹ́ (Òkè-Àdó)
Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyá. Láti 1935 tí òfin rẹ̀ ti jáde ni àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè wa ti dì í mú. Nínú tiwa, ẹ máa dá owó fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti dá. Onídùúró méjì ló ń gbà, ọwọ́ gbogbo wa sì ni èlé ń padà sí lópin ọdún. Kì í yá, mo mọ̀, bùkátà yín kò sì ní dúró de oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ẹni tó bá ní kí ẹ gba ti orí fóònù, ẹ sá fún un. 15,000 ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ wọ́n tí wọ́n fi kọ̀wé sí gbogbo orúkọ inú fóònù ẹ̀, títí kan àna ẹ̀, pé olè ni.

Ìyá Ẹlẹ́wà (Bódìjà)
Ta ló ní dandan ni kí ẹ fi odidi àpò bẹ̀rẹ̀? À ń ta ìdajì. Bí 33,000 ló máa jẹ́. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ ẹ̀wà, ẹ fi 6,000 tí ẹ máa ń gbé fún aláte sínú kólò, bí ìgbà tí ẹ ṣì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdajì àpò bá fi tán, owó òmíràn ti pé, nǹkan á sì ṣẹ́ kù. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kan ìṣẹ́kù yẹn, kó tó pé oṣù méjì, ẹ máa fi owó ara yín ra odidi.

Ẹ má ra èyí tó wà lókè àpò lásán. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ dé ìgúnpá. Tí ẹ bá fa ọwọ́ jáde tí ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Nílé, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ dà á sí, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, kòkòrò á kú.

Ìyá Alákàrà (Apẹ́tẹ̀)
Ẹ ṣé gan-an ni. Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ìkòkò Ìyá Ìbejì. Mo ti lọ sọ fún àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn pé mi ò bá wọn ṣe mọ́. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n bínú sí mi báyìí.

500 ni mò ń dá fún alájọ lójúmọ́. Tó bá kó ti ọjọ́ 31 fún mi lópin oṣù, tó yọ ti ọjọ́ kan tiẹ̀, 15,000 ló máa jẹ́. Àbúrò mi lóun máa yá mi ní 18,000 tó kù láìsí èlé, kí n máa san 2,000 lọ́sẹ̀. Ọkọ mi lóun ni yóò máa tọ́jú kólò, torí òun ló ń jókòó nílé. Mo máa wá Akápò Ẹgbẹ́ wá ní Òkè-Àdó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mélòó ni ìdajì àpò máa gbà?

Ìyá Ẹlẹ́wà (Bódìjà)
Mẹ́ta. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ dáadáa. Tí omi bá ṣẹ́ kù sídìí ẹ̀, ẹ̀wà á bu.