Èsì lórí “òṣùwọ̀n oníná”: iná kọ́ ló ń wọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu dábàá pé ká máa pe bàláǹsì tó ń fi nọ́ńbà hàn, irú èyí tí à ń rí lọ́jà Wàńdó níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní “òṣùwọ̀n oníná”. Mo fara mọ́ “òṣùwọ̀n”. “Oníná” ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Irin ló ń wọ̀n. Abẹ́ àwo ni irin náà wà. Ẹrù á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, débi pé ojú kò lè rí i. Wọ́n ti lẹ wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lára. Bí irin bá ti tẹ̀, wáyà á nà, á tín-ín-rín sí i, ọ̀nà á sì há fún iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń sọ di nọ́ńbà. Ní 1938 ni Edward Simmons àti Arthur Ruge, tí kálukú dá tirẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, gbé wáyà àlẹ̀mọ́ yìí jáde. Iná kàn ń jíṣẹ́ irin ni. Ọmọ tuntun nílé ìwòsàn o, àpò kajú ní Ṣábẹ̀ o, irú irin yìí náà ló ń wọ̀n wọ́n.

Mo dábàá “atẹ̀wọ̀n” fún irin náà. Ẹnìkan lè ní “tẹ̀” ń ṣe méjì: à ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, igi sì ń tẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Fún gbogbo ẹ̀rọ náà, “òṣùwọ̀n olóǹkà” tó wa. Bọ́tìnnì tó ń dá nọ́ńbà padà sí òdo lẹ́yìn tí a bá gbé abọ́ lé e ńkọ́? “Ìyọgbá” ni màá pè é. (Oníbàárà tí kò bá wo òdo yẹn kó tó rajà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ra abọ́.)

Àǹtí wa ní Ṣábẹ̀ béèrè bóyá “ìwúwo” àti “ìwọ̀n” kì í ṣe ọ̀kan náà. Rárá o, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń fa ẹrù ni atẹ̀wọ̀n ń mọ̀, ilẹ̀ kì í sì í fà bákan náà níbi gbogbo. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n tò kó péye ní Paris wá sí Àjàṣẹ́ láìtún un tò, ìrẹsì kílò 1 á fi bíi gíráàmù 997 hàn. Hóró kan ò sì dín níbẹ̀! Òṣùwọ̀n aláwo méjì ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí ilẹ̀ ṣe ń fa ìrẹsì náà ló ń fa irin tí a gbé sí àwo kejì láti fi wọ̀n ọ́n.

“Ìwúwo” nìyẹn: fífà tí ilẹ̀ ń fà. Èyí tí kì í yí padà, ìyẹn bí ohun tó wà nínú ẹrù ṣe pọ̀ tó, ni kò tíì ní orúkọ. “Ìwọ̀n” gbòòrò jù fún un. Tòǹgólò àgbàdo, abọ́ tí à ń fi wọ̀n ọ́n lọ́jà, ìwọ̀n ni, ọ̀pá aṣọ ìwọ̀n ni. Mo ronú kan “ìpọ̀”, kò dùn létí mi. Ta ló ní òmíràn?