Tẹlisíkóòpù mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Lóṣù tó kọjá ni mo ra tẹlisíkóòpù àlòkù kan, oní-dígí, ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 130, gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 900. EQ2 ni mount rẹ̀ (ọrùn irin tó gbé awò lé orí ẹsẹ̀, tí a fi ń yí i), ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orí déèkì ilé wa n'Íbàdàn ni mo ti ń lò ó, torí ibẹ̀ ni igi àti òrùlé ò ti dí mi lójú.

Bí mo bá fi lẹ́ńsì ojú oní-mílímítà 25 wo òṣùpá, kò burú. Àmọ́ kí n fi oní-10, tó ń sọ nǹkan di ńlá jù ú lọ, wo pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n, wàhálà dé. Kí n ṣáà fọwọ́ kan kókó tí wọ́n ń yí kí àwòrán lè já gaara, Sátọ̀n á bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo máa ń ka oókan dé eéje kó tó dúró. Bí mo bá tún yí ọwọ́ gígùn tó ń darí mount kí n lè tẹ̀lé e, ijó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lọ ra mount tuntun, bẹ́ẹ̀ iye tó pè ju iye tí mo ra odidi ẹ̀rọ yẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ọgbọ́n mìíràn?

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, má tíì náwó. Báwo lo ṣe fa ẹsẹ̀ yẹn gùn tó?

Ọmọ Mọ́níyà:
Mo fà á tán pátápátá ni sà, kí n lè máa wò ó lórí ìdúró.

Bàbá Ìbejì:
Ìdajì ẹjọ́ ti wà níbẹ̀ yẹn. Irin tí o bá fà gùn ní ìlọ́po méjì, agbára kan náà á tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ, kì í ṣe méjì. Ti gbogbo rẹ̀ padà sínú. Lọ gbé àpótí tí màmá ẹ fi ń dáná, kí o jókòó lé e. Ara ìwọ fúnra rẹ náà á balẹ̀, torí ẹni tó dúró tó tẹ orí wo nǹkan, ara rẹ̀ ń mì láìmọ̀.

Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, fi ìka gbá ìdí ọ̀pá awò yẹn jẹ́jẹ́, kí o ka ìṣẹ́jú àáyá tí àwòrán fi dúró, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Gbá a, kà á, kọ ọ́. Bí o bá yí nǹkan mẹ́rin pa pọ̀, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò pẹ̀lú, pàápàá èyí tó mú orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti èyí tó mú páànù àárín tó so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Aṣọ́ṣùpá:
Ẹ so òkúta ńlá mọ́ abẹ́ rẹ̀ láàárín. Kò wúwo tó ni. Ó parí.

Tìṣà Físíìsì:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe òkúta yìí rí. Atẹ́gùn ọyẹ́ dé lóru, òkúta di agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ó ń fa awò lọ́wọ́ kiri. Bí a bá máa so nǹkan, kó jẹ́ àpò yanrìn, kí okùn rẹ̀ gùn débi tí ìdí àpò á fi máa kan ilẹ̀. Á wúwo, kò sì ní fì.

Ọmọ Mọ́níyà, jẹ́ kí n bi ọ́: irú gbígbọ̀n wo ló ń gbọ̀n? Ó ju oríṣi kan lọ o. Èyí tó ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kàn án, tó sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ àti mount ló ni ín. Èyí tí àwòrán ò kúrò lójú kan ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bíi pé ó di méjì, ẹ́ńjìnnì kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Èyí tó ń rú bí ẹni ń wo owó nísàlẹ̀ omi, kò sí nọ́ọ̀tì tó lè wò ó sàn. Ooru ni.

Ọmọ Mọ́níyà:
Háà! Tìṣà, mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lórí déèkì yẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ̀rín pa mí o! Ìwọ àti jẹnẹrétọ̀ lẹ jọ ń wo Sátọ̀n!

Tìṣà Físíìsì:
Jẹnẹrétọ̀ oníná 50 Hz tí à ń lò nílé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọnkéré sì dùn ún gbé ìró yẹn kiri bí awọ ìlù. Déèkì ti fi gbogbo ọ̀sán gba oòrùn, òun ló tún ń tú ooru sókè títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, iwájú ẹnu awò rẹ gan-an. Bọ́ sílẹ̀, kí o wá orí koríko. Bí o bá gbọ́dọ̀ wà lórí déèkì, ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí o gba àjákù táyà lọ́wọ́ fọ́kanáísà, kí o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ará Ọ̀yọ́ ní London:
Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Mount EQ yẹn, wọ́n fẹ́ kí apá rẹ̀ kan máa dojú kọ Ìràwọ̀ Àríwá. Níbi tí mo wà, ìràwọ̀ yẹn ga ní ìwọ̀n 51 lójú ọ̀run, nítorí náà apá yẹn nà sókè, ẹrù sì wà lórí ẹsẹ̀. N'Íbàdàn, ìwọ̀n 7 péré ló ga. Apá yẹn á sùn sílẹ̀ gbalaja, gbogbo ẹrù á yọ síta lápá àríwá, bí ẹni na ọwọ́ gbọọrọ tó wá fi gbé garawa omi. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n?

Bó bá jẹ́ wíwò lásán lo fẹ́, tí kì í ṣe fọ́tò, tú síkúrù tó di ìwọ̀n gíga apá yẹn mú, gbé e dé ìwọ̀n 90 bí tìrẹ bá lè dé ibẹ̀. Apá á dúró ṣánṣán, ẹrù á padà sáàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wàá máa darí rẹ̀ sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì. Nígbà tí mo wálé fún ọdún, bí mo ṣe lo ti àbúrò mi nìyẹn.

Káfíńtà Ìṣẹ́yìn:
Èmi ò mọ ìràwọ̀, igi ni mo mọ̀. Ẹ fi òòlù kan alumíníọ̀mù, á dún gbiiin, ohùn rẹ̀ ò ní tán bọ̀rọ̀. Ẹ kan ìrókò, á dún kó, ó tán. Ohun tí ẹ̀ ń wá nìyẹn. Kí ìrókò ṣáà ti gbẹ dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́ta oníínṣì méjì sí méjì, èmi á gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan. Bí owó ò bá sí, tí ihò bá wà nínú apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn, ẹ yọ rọ́bà ìdí rẹ̀, ẹ da yanrìn gbígbẹ kún un, ẹ dí i padà. Yanrìn odò ni o, kì í ṣe ti etíkun. Iyọ̀ á jẹ ẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́:
Pẹ́ẹ̀gì aṣọ! Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ há kókó tí ẹ fi ń mú àwòrán já gaara yẹn, kí ẹ máa fi orí ìka kan ti ìrù rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́ mi.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ kú àdúrótì. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbá a. Mo ti ẹsẹ̀ sínú: méje di mẹ́rin. Mo yẹ nọ́ọ̀tì wò, ọ̀kan lábẹ́ páànù àárín kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, mo ra òmíràn: mẹ́ta. Mo sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn kànga, mo gbé apá dé 90: méjì, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Etí òrùka Sátọ̀n mú bí abẹ. Pẹ́ẹ̀gì Ìyá Àdùkẹ́ ń ṣiṣẹ́ gidi. Ti ẹsẹ̀ ìrókò, mo ń tọ́jú owó rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Màmá mi wá wò ó lánàá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá awò mú bí ẹni ń sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Sátọ̀n fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún dì í mú.

Ìyá Àdùkẹ́:
Gbé ife tíì gbígbóná lé wọn lọ́wọ́ kí o tó pè wọ́n wá wò ó.